Bologna: ṣé ìlú à ń dúró sí ni, àbí ìlú à ń gbà kọjá?

Alárìnká_Peckham kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lóṣù karùn-ún, èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ najú ní Ítálì. Florence la ti máa bẹ̀rẹ̀, Venice la fẹ́ parí sí. Ọkọ̀ ojú irin tó ń rin ọ̀nà yẹn máa ń dúró ní Bologna, ọkàn mi sì ń sọ fún mi pé ká sọ̀ níbẹ̀, ká sun oorun ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé ẹni tó bá ti jẹun níbẹ̀ ti rí i tán. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní tiwọn tún ní ká gbàgbé Venice, ká lọ jókòó sí Bologna. Ẹ̀yin tó mọ ibẹ̀, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Àwa méjèèjì ti kúrò lọ́mọdé, orúnkún ìyàwó mi kì í fẹ́ rí àtẹ̀gùn sójú, ṣùgbọ́n a fẹ́ràn ìtàn, a sì fẹ́ràn oúnjẹ.

Òkè_Àdó kọ:

Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní tàn yín. Mo débẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ ó jáde ní ibùdókọ̀, ẹ ó rí ilé pupa, ẹ ó tún rí ilé pupa. Bó bá jẹ́ òrùlé pupa ni mo fẹ́ wò, ṣé mi ò ní gun Òkè Mápó ni? Lágbègbè àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ti fi ọ̀dà kọ kàtìkàtì sí gbogbo ògiri. Tó bá di alẹ́ ní Piazza Verdi, ariwo àti ìgò ọtí ni. Ilé gogoro méjì tí wọ́n ń fi ṣe àmì ìlú, wọ́n ti dí ọ̀nà ibẹ̀, ẹ ò lè gùn ún. Ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi jù láàárín ìlú, wọn ò kọ́ iwájú rẹ̀ tán! Ẹ jẹun ọ̀sán níbẹ̀, kí ẹ wọkọ̀ yín lọ sí Venice.

ÌyáÌbejì_Bologna kọ:

Òkè_Àdó, ojú tí ẹ fi wo ìlú wa mà le o 😂

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé níbí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe, nítorí náà inú ilé àwọn ará ibí ni mo ti mọ̀ wọ́n, kì í ṣe láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Òótọ́ ni ẹ sọ nípa ògiri Via Zamboni, títì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Òótọ́ ni ẹ sọ nípa ariwo náà. Ṣùgbọ́n ẹ ò mẹ́nu kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ sì rèé abẹ́ rẹ̀ lẹ rìn láti ibùdókọ̀ dé àárín ìlú, bóyá ẹ ò gbé ojú sókè ni.

Ẹ̀gbọ́n Alárìnká, portico ni wọ́n ń pè é. Òkè ilé kọ̀ọ̀kan yọ síta lórí òpó, abẹ́ rẹ̀ sì di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Tí ẹ bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀, kìlómítà 62 ni jákèjádò ìlú, nǹkan bíi 38 nínú rẹ̀ sì wà ní ìlú àtijọ́ nìkan. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun ìní gbogbo aráyé ní 2021. Bí òjò bá ń rọ̀, mo lè jáde nílé, kí n dé ọjà, kí n yà ní ilé oògùn, kí n padà, n kò ní ṣí agboòrùn. Lóṣù keje, ooru ibí kì í ṣe kékeré, ooru ọlọ́rinrin ni, tó ń mú ènìyàn làágùn lórí ìjókòó. Síbẹ̀ ìyá tí mò ń tọ́jú á ní ká jáde. A ó rìn díẹ̀ lábẹ́ òpó, wọn á bá alákara wọn sọ̀rọ̀, wọn á bá aládùúgbò kan jà díẹ̀, a ó padà sílé. Ẹni ọdún 89 ni wọ́n o! Ilẹ̀ àárín ìlú tẹ́jú pẹrẹsẹ. Orúnkún ìyàwó yín á bá Bologna ṣe ọ̀rẹ́. Ní Venice, afárá ló tẹ̀ lé afárá, àtẹ̀gùn sì ni púpọ̀ nínú wọn.

Akọ̀wé_Ìtàn kọ:

Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ n fi bí àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ kún un, nítorí kì í ṣe ẹwà ló bí wọn.

Yunifásítì Bologna ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí 1088. Ẹ̀kọ́ òfin ni wọ́n ń wá gbà níbẹ̀, láti Jámánì, láti Faransé, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú kún, ilé ò tó. Àwọn onílé wá ń ti yàrá òkè síta sórí títì kí wọ́n lè rí ibi gba ayálégbé sí. Igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń gbè é lábẹ́. Nígbà tí yàrá náà ń gùn sí i, ó di pé kí wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀. Ìjọba ìlú mìíràn ì bá ní kí wọ́n wó o dànù, torí wọ́n ti gba títì. Àwọn ti Bologna ṣòfin ní 1288 pé ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́lé gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí i, ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá sì ní, kó lọ ṣe é. Ti onílé ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, òun ló ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dí i mọ́ ẹni tó ń kọjá. Ó sì gbọ́dọ̀ ga tó mítà 2.66, kí ẹni tó gun ẹṣin má baà forí gbá òkè.

Kí ẹ lọ wo Casa Isolani ní Strada Maggiore. Òpó igi óákù gbọọrọ ló gbé e dúró láti ọ̀rúndún kẹtàlá. Ẹ dúró sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ wòkè, ọrùn yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

Òkè_Àdó kọ:

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbà fún yín lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn ò kọ́ tán ńkọ́?

Akọ̀wé_Ìtàn kọ:

San Petronio ni. Iwájú rẹ̀ tí ẹ rí yẹn, òkúta mábù funfun àti pupa ló bo ìsàlẹ̀, ó dé àárín, ó dúró, bíríkì lásán ló kù títí dé òkè. 1390 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì bíṣọ́ọ̀bù, ti bíṣọ́ọ̀bù wà lọ́tọ̀, San Pietro lórúkọ rẹ̀. Ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ ló kọ́ San Petronio láti fi han ayé pé àwọn náà tó nǹkan. Wọ́n kọ́ ọ títí owó fi mọ níwọ̀n, ìlú sì bọ́ sábẹ́ Póòpù. Ẹnìkan lẹ́yìn ẹnìkan ya àwòrán iwájú rẹ̀, ẹnu wọn ò kò lórí ọ̀kan. Àwọn ará ìlú fẹ́ràn láti máa sọ pé Póòpù ló dìídì dá a dúró kó má baà tóbi ju San Pietro ti Róòmù lọ. Lóòótọ́ ni wọ́n kọ́ ilé yunifásítì, Archiginnasio, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ní 1563, ibi tí apá ṣọ́ọ̀ṣì náà ì bá gbà yọ síta.

Ẹ wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì wọ ibẹ̀ nígbà tí oòrùn bá fẹ́ kan àtàrí. Ní 1655, Cassini, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, la ìlà kan sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà, gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 67. Ihò kékeré kan wà lókè òrùlé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn á gba ibẹ̀ wọlé, á bọ́ sílẹ̀ bí àwo, á sì rìn kọjá lórí ìlà náà ní ọ̀sán gangan. Ibi tó bá ti kọjá ló ń sọ ọjọ́ tí ẹ wà nínú ọdún. Wọ́n fi ń yẹ kàlẹ́ńdà wò ni, bóyá ó bá oòrùn mu. Tí ẹ bá tún jáde sí Piazza Maggiore, gbàgede ńlá tó wà níwájú rẹ̀, ẹ wo òkè ẹnu ọ̀nà Palazzo d'Accursio, ère Póòpù Gregory kẹtàlá wà níbẹ̀, ọmọ bíbí Bologna. Òun ló gbé kàlẹ́ńdà tí gbogbo wa ń lò lónìí jáde ní 1582.

Ẹ wá sọ fún mi pé kò sí nǹkan wò níbẹ̀.

Ọmọ_Mẹkáníìkì kọ:

Ẹ má gbàgbé ère Neptune, òrìṣà òkun àwọn ará Róòmù, tó dúró nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, iṣẹ́ Giambologna. Ọ̀kọ̀ oníka mẹ́ta tó mú lọ́wọ́ ni Maserati tó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fi ṣe àmì, torí Bologna ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1914. Ducati ṣì wà ní Borgo Panigale títí dòní, wọ́n ní mùsíọ́mù fún alùpùpù. Marconi tó ṣe iṣẹ́ rẹ́díò náà, ọmọ ibẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápákọ̀ òfuurufú ìlú náà. Mo ti sọ tèmi.

Àdùkẹ́_Ìdáná kọ:

Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ òkúta láti àárọ̀. Ìbéèrè oúnjẹ dà?

Ẹ̀gbọ́n Alárìnká, ẹ má ṣe wọ ilé oúnjẹ kankan ní Bologna kí ẹ béèrè spaghetti bolognese. Wọn ò ní lù yín, ṣùgbọ́n wọ́n á mọ̀ pé àlejò ni yín. Tagliatelle ni wọ́n fi ń jẹ ọbẹ̀ ẹran wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní ragù. Pasta tí wọ́n fi ẹyin pò, tí wọ́n fi igi gígùn nà títí tó fi fẹ̀, kí wọ́n tó gé e. Àwọn obìnrin tó ń ṣe é, sfoglina là ń pè wọ́n, ẹ lè dúró níwájú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wọn kí ẹ máa wò wọ́n. Ní 1972, wọ́n lọ fi ìwọ̀n tagliatelle tòótọ́ sílẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ oníṣòwò ìlú náà: tí wọ́n bá ti sè é tán, mílímítà 8 ni kó fẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn jẹ́ ìdá kan nínú 12,270 gíga ilé gogoro Asinelli! Ìlú wo ló tún ń fi ilé gogoro wọn oúnjẹ?

Tortellini ńkọ́? Kékeré báyìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó èékánná àtàǹpàkò, wọ́n ká a mọ́ ẹran lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú omitooro gbígbóná ni wọ́n ń sè é sí. Ẹni tó bá bu ọ̀rá wàrà lé e lórí, ẹ dìde kúrò nílé oúnjẹ ẹ̀.

Ọjà tí wọ́n ń pè ní Quadrilatero wà lẹ́yìn Piazza Maggiore, títì tóóró tóóró tí ẹja, èso, wàràkàṣì àti ẹran gbígbẹ kún. Láàárín ibẹ̀ ni Osteria del Sole wà, wọ́n ti ń ta ọtí níbẹ̀ láti 1465. Wọn kì í ta oúnjẹ rárá. Ẹ ó ra búrẹ́dì àti ẹran yín láti ọjà, ẹ ó gbé e wọlé, ẹ ó jókòó ti tábìlì gígùn pẹ̀lú ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹ ó kàn ra wáìnì. Èmi ò rí ibi tó wù mí tó bẹ́ẹ̀ ní Florence.

Abú_Sumayyah kọ:

As-salaamu alaykum. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ò sí nínú ẹ̀?

ÌyáÌbejì_Bologna kọ:

Wa alaykumu salaam, bàbá Sumayyah. Ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, kí n má parọ́. Tortellini: ẹlẹ́dẹ̀. Mortadella, sọ́séèjì ńlá wọn: ẹlẹ́dẹ̀. Ragù: ẹran màlúù ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i. Crescentina, ìyẹ̀fun díndín tí ẹ ó rí tó wú bíi pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dín in. Ẹ béèrè tortelloni, èyí ńlá, wàràkàṣì ricotta ló wà nínú rẹ̀, bọ́tà àti ewé sage ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Tagliatelle pẹ̀lú olú náà wà. Tí ẹ bá fẹ́ ẹran halal, ẹ lọ sí Bolognina, ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ni àwa àjèjì pọ̀ sí, ṣọ́ọ̀bù ẹran halal sì wà dáadáa. Iṣu, ẹ̀fọ́ gbígbẹ àti epo pupa náà wà ládùúgbò yẹn fún ẹni tí àárò ilé bá sọ.

Ní 2019, nígbà ọdún San Petronio, ẹni mímọ́ alábòójútó ìlú, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, wọ́n ní kí wọ́n se tortellini tó ní adìẹ nínú mọ́ ti ẹlẹ́dẹ̀, kí ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lè bá ìlú jẹun. Háà, ariwo! Ọ̀rọ̀ náà dé Róòmù, àwọn olóṣèlú fi ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, wọ́n ní wọ́n fẹ́ ba àṣà àwọn jẹ́. Ìyá tí mò ń tọ́jú rẹ́rìn-ín, wọ́n ní tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ohun tó bá wà nílé làwọn ń fi sínú tortellini.

Alárìnká_Peckham kọ:

Ẹ kú ìnáwó ọ̀rọ̀ o. Ìyàwó mi ti ń ka àwọn èsì yín, ó ti kọ Osteria del Sole sílẹ̀ 😄. Akọ̀wé, ẹ tún sọ̀tàn sí i. Ìlú yìí dà bí ìlú olófin.

Akọ̀wé_Ìtàn kọ:

Ìlú olófin gan-an ni. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí.

Ní 1256, ìjọba ìlú Bologna pinnu pé kò gbọdọ̀ sí ẹrú mọ́ ní ìlú náà àti ní àwọn oko rẹ̀. Wọn ò kàn pàṣẹ. Wọ́n ra àwọn ẹrú náà lọ́wọ́ olówó wọn pẹ̀lú owó ìlú: lira 10 fún ẹni tó ti ju ọdún 14 lọ, lira 8 fún ọmọdé. Ènìyàn 5,855 ni wọ́n dá sílẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ wọn, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ni wọ́n, sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Liber Paradisus, torí ọ̀rọ̀ Párádísè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé òmìnira ni Ọlọ́run dá ènìyàn sí. Ìwé náà ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Bologna. Ibi tí ọ́fíìsì ìjọba ìlú wà lónìí, Piazza Liber Paradisus ni wọ́n sọ ọ́.

Ẹ ro ọdún yẹn wò. Ó tó nǹkan bí igba ọdún kí ọkọ̀ Potogí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn wa.

Ìjẹ̀bú_Lówó kọ:

Akọ̀wé, ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n ẹ parí rẹ̀. Ẹrú kì í san owó-orí, ọmọlúàbí tó dòmìnira ló ń san án. Àwọn olóyè ńláńlá tó ni ilẹ̀ oko ni wọ́n ní àwọn ẹrú yẹn, àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́-ọwọ́ tó ń ṣèjọba ìlú sì fẹ́ gé ọwọ́ àwọn olóyè kúrú. Wọ́n gbowó wọn padà lórí àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀. Mi ò rí ìlú tó náwó lásán rí.

Akọ̀wé_Ìtàn kọ:

Ẹ ò parọ́. Owó-orí wà nídìí ẹ̀, ìjà pẹ̀lú àwọn olóyè náà wà nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yẹn, tí ọmọ rẹ̀ kò sì ní í jẹ́ ẹrú mọ́, mi ò rò pé ó bìkítà ohun tó wà nínú àpò àwọn ìgbìmọ̀. Ìlú mìíràn ní owó-orí gbà, ní olóyè bá jà, wọn ò ṣe é.

Àwọn olóyè yẹn náà ló kọ́ ilé gogoro káàkiri. Ní ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹtàlá, ó ṣeé ṣe kí ilé gogoro tó wà níbẹ̀ tó 80 sí 100, ìdílé kọ̀ọ̀kan ń fi tirẹ̀ halẹ̀ mọ́ tẹlòmíì. Nǹkan bí 20 ló kù. Asinelli ga tó mítà 97. Garisenda tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mítà 48 ló kù, torí wọ́n gé orí rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá nígbà tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rì. Ó ti tẹ̀ débi pé Dante fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú ewì rẹ̀. Ní ìparí 2023, wọ́n rí i pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n yí i ká, wọ́n sì dí Asinelli náà. Ohun tó bí Òkè_Àdó nínú nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Zamboni kọ:

Ẹ kú àná gbogbo yín. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Bologna lọ́wọ́lọ́wọ́. Kò dun àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀ pé wọ́n ti Asinelli, torí wọ́n ní ẹni tó bá gùn ún kó tó gboyè kò ní gboyè láéláé 😂. Àtẹ̀gùn 498 ni, ẹ̀gbọ́n, kò kan ìyàwó yín.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dé ni Archiginnasio. Ẹ ó rí àmì ìdílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ lára ògiri àti àjà, nǹkan bí 6,000. Lókè ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń la òkú láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn wà. Igi ni wọ́n fi kọ́ gbogbo rẹ̀ ní 1637, tábìlì mábù funfun wà láàárín, àwọn ère ọkùnrin méjì tí wọ́n bó ara wọn láwọ̀ sì ń gbé àjà tó wà lókè ìjókòó ọ̀jọ̀gbọ́n. Bọ́ǹbù wó o lulẹ̀ ní oṣù kìíní 1944, wọ́n ṣa igi rẹ̀ nínú àwókù, wọ́n tún un tò padà. Yunifásítì yìí kan náà ló fún Laura Bassi ní oyè àti iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1732, lásìkò tí wọn ò gbà kí obìnrin wọ ọ̀pọ̀ yunifásítì.

Bí oòrùn bá mú yín, ẹ wọ Sala Borsa, ilé ìkàwé ìlú ní ẹ̀gbẹ́ Neptune. Ọ̀fẹ́ ni. Gíláàsì wà ní ilẹ̀ rẹ̀, ẹ ó máa wo àwókù ìlú àwọn ará Róòmù lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Gbígbéga_2025 kọ:

Ẹ̀gbọ́n Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti gbà mí síbẹ̀ fún oyè kejì. Ilé ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_Zamboni kọ:

Oríire! Ilé ni ìṣòro o, àbúrò. Láti ayé òpó igi tí wọ́n sọ lókè yìí ni ilé ò ti tó ní Bologna, kò tíì tó dòní. Má fi owó ránṣẹ́ sí onílé kankan tí ìwọ tàbí ẹni tó o mọ̀ ò fojú rí ilé rẹ̀. Wọ́n fi fọ́tò ilé ẹlòmíràn gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan tí mo mọ̀. Wo àwọn ìlú tó súnmọ́ bíi Casalecchio tàbí San Lazzaro, bọ́ọ̀sì ń lọ. ER.GO ni àjọ ìjọba àgbègbè tó ń fún ni ní owó ìrànwọ́ àti yàrá, ìwé owó tó ń wọlé fún àwọn òbí ẹ ni wọ́n máa béèrè, pẹ̀lú ìtumọ̀ àti òǹtẹ̀. Ìwé yẹn máa ń pẹ́ gan-an láti Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kọ sí mi ní kọ̀rọ̀, ká má gba ojú ọ̀nà àwọn àgbà.

Ìjẹ̀bú_Lówó kọ:

Ìkan tó kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ibùdókọ̀ tí gbogbo yín ń sọ̀ yẹn, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1980, aago 10 kọjá ìṣẹ́jú 25 àárọ̀, bọ́ǹbù bú gbàmù ní yàrá tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń dúró. Ènìyàn 85 kú, àwọn tó fara pa ju 200 lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fásísì ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Aago kan wà lára ògiri ìta, wọ́n fi í sílẹ̀ sí 10:25. Bí ẹ bá rí i, ẹ má rò pé aago bàjẹ́ ni.

ÌyáÌbejì_Bologna kọ:

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Bọ́ọ̀sì 37 ni wọ́n fi ń kó àwọn òkú lọ́jọ́ yẹn, torí ọkọ̀ aláìsàn ò tó. Wọ́n fi aṣọ funfun bo fèrèsé rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ni ìlú máa ń rìn láti àárín ìlú lọ síbẹ̀, tí aago 10 bá ti kọjá ìṣẹ́jú 25, ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú náà ṣì ń lọ, lórí àga onítáyà wọn.

Ọ̀rọ̀ tó kàn. Ẹ̀gbọ́n, oṣù karùn-ún tí ẹ ń bọ̀ dára. Ó sábà máa ń bọ́ sí ìgbà tí wọ́n ń gbé àwòrán Màríà sọ̀ kalẹ̀ láti San Luca wá sí àárín ìlú. Láti 1433 ni wọ́n ti ń ṣe é, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí kò fẹ́ dá, tó fẹ́ ba irè oko jẹ́. San Luca ni ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí òkè yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló ti ìsàlẹ̀ ìlú lọ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 4, ibi 666 ni àwọn òpó rẹ̀ ti tẹ̀ so pọ̀ lókè bí òṣùmàrè. Ará ìlú ló dáwó kọ́ ọ láti 1674, ẹni tí kò lówó wá fi ọwọ́ gbé òkúta. Ẹ má fi ẹsẹ̀ gùn ún! Ọkọ̀ kékeré kan wà tó ń gbé àlejò láti Piazza Maggiore. Ẹ gùn ún lọ, tí ara ìyàwó yín bá gbà á, kí ẹ fi ẹsẹ̀ sọ̀ padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ tún wò dáadáa, wọ́n ń la ojú irin tram káàkiri ìlú báyìí. Ibi tí iṣẹ́ bá wà, ẹ ó rí àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wo àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ń sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Umarell ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọkọ ìyá tí mò ń tọ́jú náà ṣe é títí wọ́n fi lọ.

Òkè_Àdó kọ:

Ẹ ti borí mi, ṣùgbọ́n èmi ò ní sọ pé kí wọ́n má rí Venice. Ẹ̀gbọ́n, ẹ sùn ní Bologna lẹ́yìn Florence, kò tó wákàtí kan lórí ọkọ̀ ayára. Lọ́jọ́ kan, ẹ wọkọ̀ àárọ̀ lọ sí Venice, bíi wákàtí kan àti ààbọ̀, kí ẹ padà lálẹ́. Owó ilé ìtura ní Bologna náà sì dínkù sí ti Venice.

Alárìnká_Peckham kọ:

Ìmọ̀ràn yìí wọ̀ mí lára. Alẹ́ mẹ́ta ní Bologna, Venice ní àlọ àti àbọ̀. Ìyàwó mi ní kí n kí ÌyáÌbejì, ó ní ó fẹ́ wá kí ìyá àgbà.

ÌyáÌbejì_Bologna kọ:

Ẹ máa bọ̀ o, ẹ bá wa gbé tíì onípáálí pupa wá láti London, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun méjì péré. Àwọn pèpéle ọkọ̀ ayára wà lábẹ́ ilẹ̀ ní ibùdókọ̀ Bologna, ó jìn sí àwọn ti òkè, ẹ má fi ìṣẹ́jú márùn-ún sáré sí i pẹ̀lú orúnkún yẹn, ẹ wá ẹ̀rọ agbéniròkè. Ìkejì, láti 2024 ni Venice ti ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹni tó bá wá tí kò sùn níbẹ̀, láwọn ọjọ́ kan láti oṣù kẹrin lọ. Ẹ wo ọjọ́ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ san án kí ẹ tó lọ, ó ń wọ́n sí i tó bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀.